Abà Tí Mo Yọ Kúrò Nínú Àwòrán Ilẹ̀

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní àdúgbò wa bi mí láìpẹ́ yìí pé irú iṣẹ́ wo gan-an ni mo ṣe jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo sọ fún un pé mo máa ń sọ ibi tí àwọn ọmọdé wà fún àwọn tó ń gún wọn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ìyẹn náà ń jẹ́ iṣẹ́? Ṣé ìyá ọmọ ò mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ wà ni?"

Ìyá ọmọ mọ̀. Èmi ni mi ò mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí fún òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń wo iṣẹ́ tí wọn yóò yàn láàyò. Àwọn kan nínú wọn ti gbọ́ pé iṣẹ́ àwòrán ilẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ inú yàrá tútù, níwájú kọ̀ǹpútà. Òótọ́ ni. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣe èyí tó burú jù nínú tèmi.

Ó yẹ kí n ti kọ ọ́ tipẹ́. Ìyàwó mi, Mojísọ́lá, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, kú nígbà ọyẹ́ tó kọjá. Nígbà tó wà láàyè, mi ò lè kọ ọ́, torí mo mọ̀ pé yóò kà á.

Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ kò ní ìtàn nínú. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí. Mo ka jọ́gíráfì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo wá iṣẹ́ dé Ìkòròdú, ọ́fíìsì kan tó ń bójú tó ìlera ní ẹkùn náà sì fi mí sídìí àwọn ìwé àkọsílẹ̀. Owó oṣù náà kéré, ó sì máa ń pẹ́. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ọ̀gá mi ni Bàbá Odùsànyà, ọmọ Ìkòròdú gan-an. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, bàtà kánfáàsì ló máa ń wọ̀, kì í sì í gbé agboòrùn rẹ̀ sílẹ̀, òjò ni o, ẹ̀ẹ̀rùn ni o. Lójú pátákó páálí ńlá ló máa ń fi pẹ́ńsù ya àwòrán ilẹ̀ sí, àdúgbò kan, páálí kan. Àwòrán yẹn ni àwọn nọ́ọ̀sì ń tẹ̀ lé láti ojúlé dé ojúlé. Odindi ọdún kan ni kò fi jẹ́ kí n fọwọ́ kan tàdáwà. Ó ní ẹni tí kò bá tíì mọ bí a ṣe ń pa nǹkan rẹ́ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohun tí kò ṣeé pa rẹ́.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó fún mi ni apá kan ní Ìgbògbò. Mo lọ, mo gun ọ̀kadà yí ibẹ̀ ká lẹ́ẹ̀mejì, mo wo àwòrán àtijọ́ kan, mo sì ya tèmi. Ó dára lójú. Bàbá Odùsànyà wò ó fún ìgbà pípẹ́.

Ó ní, "Ilé tó kọjú sí mọ́ṣáláṣí yìí, ta ló ń gbé yàrá ẹ̀yìn rẹ̀?"

"Mi ò mọ̀, sà."

"Ta ló fún ọ lómi mu níbẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó fún mi lómi, sà."

Ó ya páálí náà sí méjì lójú mi, ó tò wọ́n léra, ó tún wọn ya. Ó ní, "Ibi tí o kò bá ti mu omi, o kò tíì débẹ̀. Wọn kì í fún ẹni tó ń kọjá lọ lómi. Ẹni tó bá jókòó ni wọ́n ń fún, ẹni tó bá sì jókòó ló ń gbọ́ igbe ọmọ nínú ilé. Ìròyìn ò tó àfojúbà. Padà lọ."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo padà lọ. Lẹ́ẹ̀kẹta, ìyá kan tó ń ta èédú rí mi pẹ̀lú pẹ́ńsù létí ilẹ̀kùn, ó bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ké sí àwọn tó wà nítòsí pé, "Ẹ wá wo ọmọ ìjọba tó ń ka ilẹ̀kùn! Ọ̀gbẹ́ni, ṣé owó orí lẹ fẹ́ gbà ni, àbí ẹ fẹ́ wó ilé?"

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, àwọn ọmọdé ni mo fẹ́ kà."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. "Ẹ fẹ́ ka kí ni? Wọn kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi."

Mo lọ jíṣẹ́ fún ọ̀gá mi. Ìgbà yẹn ló tó kọ́ mi ní ohun tó yẹ kí n ti mọ̀, èmi tí ìyá Yorùbá bí. Ó ní, "Má ka ọmọ. Kí àwọn ìyá wọn, jókòó, kí o sì máa wo okùn aṣọ. Aṣọ ọmọdé kì í purọ́. Bí o bá rí ìlédìí, ọmọ ọwọ́ wà nílé yẹn, bí gbogbo ayé bá tiẹ̀ sọ pé kò sí." Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka aṣọ. Mo di ẹni tó lè dúró lẹ́nu ọ̀nà agboolé kan kí n sọ iye ọmọ tó wà níbẹ̀, kí n má sì ṣì í ju ẹyọ kan lọ.

Inú ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Ìjẹdẹ ni mo ti bá Mojísọ́lá pàdé. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, ó ń gbé kúlà abẹ́rẹ́ lórí itan bí ẹni gbé ọmọ. Mo ní kí n bá a gbé e. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

Ó ní, "Ẹ máa gbé páálí yín, bọ̀dá. Bí yìnyín inú èyí bá yọ́, omi lásán la máa lọ gún sára ọmọ ọlọ́mọ, ẹ ò sì ní sí níbẹ̀ nígbà tí àìsàn bá dé."

Mo fẹ́ ẹ kí ọdún méjì tó pé. A bí Túndé. Yàrá méjì la háyà ní Ìkòròdú, òun ń lọ gún abẹ́rẹ́ ní àwọn ìlú etí ọ̀sà, èmi ń ya ọ̀nà tí òun ń tọ̀.

Bàbá Odùsànyà fẹ̀yìn tì nígbà tí àwọn ọdún ẹgbẹ̀rún méjì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà dé. Wọ́n kó wa lọ kọ́ ẹ̀kọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n sì fún wa ní ẹ̀rọ kékeré kan tí ń gba àmì láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì, tó ń sọ ibi tí ènìyàn dúró sí gan-an lórí ilẹ̀ ayé. A máa ń fi okùn gbé e kọ́ ọrùn. Mo ń gbé e rìn lóko kan ní Agbówà nígbà tí àgbẹ̀ kan dá mi dúró.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé rédíò nìyẹn?"

"Rárá o. Ó ń sọ ibi tí mo wà ni."

Ó bojú wo àwọn tó ń bá a kọ ebè. "Ẹ gbọ́! Ọkùnrin yìí ò mọ ibi tó wà, àfi tí ẹ̀rọ bá sọ fún un!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ní tòótọ́, inú mi ń dùn. Iṣẹ́ tí Bàbá Odùsànyà máa ń fi oṣù mẹ́ta ṣe, mo ń fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe é. Mo kó gbogbo rẹ́jísítà àjẹsára láti Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́ jọ, mo jókòó, mo sì fi ọmọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n kọ sínú wọn sórí àwòrán. Ọmọ tó bá ti gba gbogbo abẹ́rẹ́ rẹ̀ ní àmì àwọ̀ ewé. Ọmọ tí abẹ́rẹ́ bá ṣẹ́ kù fún ní àmì pupa. Bí mo bá ti tẹ bọ́tìnnì, gbogbo ẹkùn náà á hàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí ẹni dúró lójú ọ̀run. Àwọn ọ̀gá láti òkè wá wò ó, wọ́n sì bọ̀ mí lọ́wọ́. Láti ìgbà náà ni ẹsẹ̀ mi kò fi kan ilẹ̀ mọ́. Mi ò mu omi ẹnikẹ́ni mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ibi tí àṣìṣe náà wà, kí ó yé yín dáadáa, torí irú yín náà lè ṣe é.

Ẹ̀rọ kò mọ ọmọ. Àdírẹ́sì tó wà nínú rẹ́jísítà ló mọ̀. Àdírẹ́sì tó wà nínú rẹ́jísítà sì jẹ́ ìdáhùn tí ìyá ọmọ fún nọ́ọ̀sì nígbà tó bi í pé, "Ilé yín ńkọ́?" Ní ilẹ̀ wa, bí wọ́n bá bi ọmọlúàbí ní ilé rẹ̀, kì í sọ ibi tó ń sùn. Ó ń sọ ilé baba rẹ̀. Ọkùnrin lè lo ogójì ọdún lábà, kó kọ́lé síbẹ̀, kó bí gbogbo ọmọ rẹ̀ síbẹ̀, yóò ṣì sọ pé ìlú ni ilé òun. Abà kì í ṣe ilé. Nítorí náà, àwọn ọmọ tí wọ́n ń gbé lábà etí ọ̀sà, agboolé àárín ìlú ni wọ́n wà lórí àwòrán mi.

Òmíràn tún wà níbẹ̀. Nígbà tí àwọn tó ń gún abẹ́rẹ́ bá dé irú agboolé bẹ́ẹ̀ láti wá àwọn ọmọ tó ti pé oṣù mẹ́sàn-án, tó yẹ kí wọ́n gba abẹ́rẹ́ èéyi, ìyá àgbà kan ló máa ń jáde dáhùn fún gbogbo ilé. Àgbà kì í sọ pé òun ò mọ̀ nípa ọmọ ilé òun. Á ní, "Gbogbo ọmọ wa ló ti gbà á. Àwọn tó wà lóko náà ti gbà á lọ́hùn-ún." Ta ni nọ́ọ̀sì kékeré tí yóò ní kí ìyá àgbà gbé káàdì jáde? Wọ́n á fi àmì sí i pé a ti rí ọmọ náà. Àmì pupa á di àwọ̀ ewé níwájú mi.

Láàárín Agbówà àti Ẹ̀pẹ́, abà kan wà létí omi tí wọ́n ń pè ní Abà Lámídì, ní orúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ dó. Àwọn apẹja ni, wọ́n sì ń dáko díẹ̀. Gbogbo wọn pátá jẹ́ ọmọ Ilé Ẹlẹ́ja ní Ẹ̀pẹ́. Nínú gbogbo rẹ́jísítà tí mo ní, kò sí ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n kọ Abà Lámídì sí níwájú. Lọ́dún kan, epo ọkọ̀ ojú omi kò tó, wọ́n ní kí n sọ àwọn ibi tí ọkọ̀ kò nílò láti yà sí. Mo wo ojú kọ̀ǹpútà. Ìṣẹ́jú kan ni mo fi yọ Abà Lámídì.

Mojísọ́lá rí ìwé náà níbi iṣẹ́. Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ló ń fọ̀ lẹ́yìnkùlé nígbà tó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

"Bàbá Túndé, mo rí i pé ẹ ti yọ Abà Lámídì."

"Kò sí ọmọ níbẹ̀. Àwọn ọkùnrin ló ń lọ dẹ ìgèrè níbẹ̀, wọ́n á sì padà sílé."

"Nígbà tí ọkọ̀ wa kọjá níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí ìlédìí lórí okùn. Ó tó mẹ́fà."

"Bóyá àwọn ìyàwó wọn wá kí wọn ni."

"Pẹ̀lú ìlédìí mẹ́fà?"

"Ìyá Túndé, bí mo bá ń tẹ̀ lé aṣọ tí gbogbo ènìyàn rí lórí okùn, ta ló máa gba máàpù mi gbọ́ mọ́?"

Ó fún aṣọ náà, ó nà án. Ó ní, "Ó dáa. Ẹ̀yin lẹ mọ̀."

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá mi kọ́ mi ni Mojísọ́lá sọ fún mi yẹn, mo sì mọ̀ nígbà tó ń sọ ọ́. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí ẹnikẹ́ni rí àléébù lára iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó ju ọdún kan lọ tí ọkọ̀ fi ń kọjá níwájú Abà Lámídì láìyà.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni, ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ, nígbà tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ràsákì fi ọkọ̀ ọlọ́pọ́n gbé ọmọ kan wá sí ilé ìwòsàn tí Mojísọ́lá wà. Ojú ọmọ náà pọ́n, ara rẹ̀ sú, ó ń wúkọ́. Nọ́ọ̀sì tó bá rí èéyi lẹ́ẹ̀kan kì í gbàgbé rẹ̀. Mojísọ́lá gba káàdì ọmọ náà. Ilé Ẹlẹ́ja, Ẹ̀pẹ́, ló wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n gún un lọ́sẹ̀ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Bí ó ṣe sọ ọ́ fún mi nìyí:

Ó bi ọkùnrin náà pé, "Níbo lọmọ yìí sùn lánàá?"

"Abà ni, Nọ́ọ̀sì. Abà Lámídì. Ibẹ̀ la wà."

"Láti ìgbà wo?"

"Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ ní kí wọ́n kọ Ẹ̀pẹ́?"

Ọ̀rọ̀ náà ya ọkùnrin náà lẹ́nu. "Wọ́n ní ilé wa ńkọ́, Nọ́ọ̀sì. Ilé wa nìyẹn. Ṣé abà ni kí n pè nílé baba mi?"

Ó fóònù mi. Ohun tó sọ ò ju, "Bàbá Túndé, ẹ máa bọ̀. Abà Lámídì ni," lọ.

Mi ò ní sọ púpọ̀ nípa ohun tí a bá níbẹ̀. Ẹní ni wọ́n tẹ́ àwọn ọmọ sí lábẹ́ àtíbàbà. Àwọn ìyá wọn ti fi aṣọ dúdú bo ojú ọ̀nà kí ìmọ́lẹ̀ má baà dun ojú wọn. Wọ́n ti fi ẹmu pa wọ́n lára, wọ́n ń fi ṣíbí fún wọn ní omi ẹ̀kọ, díẹ̀díẹ̀, wọn ò sì sùn fún ọjọ́ mélòó kan. Òórùn ẹmu yẹn kún gbogbo abà. Méjì nínú àwọn ọmọ náà, Wàsíù àti Mòríámọ̀, ti kú kí a tó dé. Mojísọ́lá kán òróró fítámínì A sẹ́nu gbogbo àwọn tó kù, a sì gbé àwọn tó le jù sínú ọkọ̀. Sìkírátù, àkọ́bí Ràsákì, ẹ̀gbọ́n èyí tó kọ́kọ́ gbé wá, kú sórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ kí a tó rí èbúté. Kẹ́hìndé kú lọ́jọ́ kẹta. Táíwò rẹ̀ yè é.

Nínú ọkọ̀ yẹn ni Ìyá Sìkírá ti bi mí ní ìbéèrè, ọmọ rẹ̀ ti dákẹ́ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, òun kò sì tíì mọ̀, tàbí ó ti mọ̀. Ohùn rẹ̀ kò le rárá.

Ó ní, "A máa ń rí ọkọ̀ yín tó bá ń kọjá. A máa ń juwọ́ sí yín."

Ó fa aṣọ bo ẹsẹ̀ ọmọ náà.

"Ẹ̀yin náà máa ń juwọ́ padà."

Àwọn ọ̀gá ní kí n kọ ìwé láti ṣàlàyé bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Mo kọ ọ́ lọ́sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀. Mo kọ ọ́ dáadáa, ó gún régé. Níbi tí wọ́n ti ní kí n kọ ìdí, mo kọ ọ́ pé: àwọn òbí kò fi àdírẹ́sì tòótọ́ sílẹ̀. Mi ò kọ ọ́ pé ẹnì kan ti kìlọ̀ fún mi. Mo gbé ìwé náà sórí tábìlì nílé, Mojísọ́lá sì kà á.

Ó ní, "Àwọn obìnrin yìí ò purọ́."

"Mi ò sọ pé wọ́n purọ́."

"Kí ni ẹ wá sọ níbí?"

Ó wọ yàrá, ó ṣí àpótí, ó mú káàdì àjẹsára Túndé jáde, ọmọ wa, tí a bí ní Ìkòròdú, tí kò tíì sùn sí Ìsẹ́yìn ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ nígbà yẹn. Èmi fúnra mi ni mo sọ ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀: Ilé Aláró, Ìsẹ́yìn. Ó gbé e lé orí ìwé mi.

"Àwa náà ò fi àdírẹ́sì tòótọ́ sílẹ̀," ló wí. Ó lọ dáná.

Mo fi ìwé náà ránṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì bó ṣe wà.

Lẹ́yìn rẹ̀, mo yí fọ́ọ̀mù padà. Dípò "Ilé yín ńkọ́?", mo fi "Níbo ni ọmọ yìí sùn lánàá?" síbẹ̀. Ìbéèrè kékeré yẹn tú gbogbo àwòrán náà ká. Abà tí a kò mọ̀ ń yọ jáde létí omi láti Ìjẹdẹ dé Ẹ̀pẹ́ bí ewú orí. Wọ́n pè mí síwájú níbi ìpàdé ńlá kan, wọ́n ní kí n ṣàlàyé bí mo ṣe ronú kàn án. Mo ṣàlàyé. Mojísọ́lá wà láàárín àwọn nọ́ọ̀sì lẹ́yìn, ó pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú àwọn yòókù. Nígbà tí a ń padà sílé, ó ní, "Ìbéèrè yẹn dára," ó sì wo ojú fèrèsé títí a fi délé.

Ẹ má rò pé a bá ara wa jà. A gbé ìgbé ayé wa, a tọ́ ọmọ, a rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ní oṣooṣù, ó máa ń wọkọ̀ lọ sí Abà Lámídì, kódà nígbà tó bá wà ní ìsinmi, kódà lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì. Kò ní kí n bá òun lọ rí, èmi náà ò sì sọ pé mo fẹ́ lọ. Àwọn ẹ̀rọ túbọ̀ ń kéré sí i, wọ́n túbọ̀ ń gbọ́n sí i, mo kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí wọ́n ṣe ń lò wọ́n, mo sì le mọ́ wọn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe le mọ́ mi. Mo máa ń fa iṣẹ́ wọn ya bí Bàbá Odùsànyà ṣe fa tèmi ya. Mi ò sọ ìdí rẹ̀ fún wọn rí. Mo fẹ̀yìn tì pẹ̀lú ìwé ẹ̀yẹ.

Àìsàn Mojísọ́lá kò pẹ́. Lọ́jọ́ tí a sin ín, ọkọ̀ ojú omi kan kún wá láti Abà Lámídì. Ìyá Sìkírá di ọwọ́ mi mú. "Nọ́ọ̀sì ò fi wá sílẹ̀ lọ́jọ́ kan," ló sọ, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Mi ò lè wo ojú rẹ̀.

Nígbà tí ogójì ọjọ́ pé, mo wọkọ̀ lọ bá a. Àwọ̀n ló ń tún ṣe lórí àpótí níwájú ilé. Ó fún mi níjòókòó, ó bu omi fún mi. Mi ò tíì mu ún nígbà tí mo sọ ọ́.

Mo ní, "Ìyá Sìkírá, ọkọ̀ yẹn, tí kò yà níbí nígbà yẹn. Èmi ni mo yọ abà yín kúrò. Ìyàwó mi sọ fún mi pé ọmọ wà níbí, mi ò gbọ́."

Kò gbé ojú sókè. "A mọ̀."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Nọ́ọ̀sì ní epo ọkọ̀ ló tán. Ilẹ̀ ló ń wò nígbà tó ń sọ ọ́. Ìyàwó yín ò mọ irọ́ pa, Bàbá. A wá bi ara wa pé, ta lobìnrin máa torí ẹ̀ pa irú irọ́ yẹn, bí kì í bá ṣe ọkọ rẹ̀? A fi sílẹ̀ torí tirẹ̀."

Mo lè dákẹ́ síbẹ̀. Ohun tí kò mọ̀ ṣì kù, mo sì rí i pé kò mọ̀ ọ́n. Mo sọ nípa ìwé tí mo kọ.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí àwọ̀n.

"Ẹ kọ ọ́ pé a purọ́."

"Mo kọ ọ́."

"Ìgbà wo lẹ kọ ọ́?"

"Lọ́sẹ̀ kan lẹ́yìn tí a sin àwọn ọmọ."

Ó pe ọkọ rẹ̀, "Bàbá Sìkírá, ẹ wá gbọ́." Ràsákì jáde, mo sì tún un sọ níwájú rẹ̀. Ó gbọ́ tán, ó rìn lọ sí etí omi, kò padà wá títí mo fi lọ.

Ìyá Sìkírá ní, "Èyí tẹ́ ẹ fò wá, ẹnikẹ́ni lè fo ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n èyí tẹ́ ẹ kọ yẹn, ńṣe lẹ jókòó kọ ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ má retí kí n sọ pé kò sí nǹkan, Bàbá. Mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ pa á rẹ́. Ibi tẹ́ ẹ kọ ọ́ sí, ẹ lọ pa á rẹ́."

Mo lọ sí ọ́fíìsì wa àtijọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà níbẹ̀ báyìí bọ̀wọ̀ fún mi, ó sì wá a fún mi ní tọkàntọkàn. Ìwé tí mo fọwọ́ kọ ti lọ, wọ́n ti kó irú wọn dànù nígbà tí wọ́n ń kó kúrò nínú ilé àtijọ́. Àmọ́ gbólóhùn kan láti inú rẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà, lábẹ́ ìdí: àwọn òbí kò fi àdírẹ́sì tòótọ́ sílẹ̀. Mo ní kó yọ ọ́. Ó gbìyànjú. Ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Wọ́n ti ti ọdún yẹn pa. Kò sí bí a ṣe lè yí i padà mọ́." Èmi ni mo kọ́ wọn láti máa ti ọdún pa bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà fọwọ́ kan ohun tí a ti kọ.

Mo padà lọ sọ fún Ìyá Sìkírá. Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí, kò sì ní kí n jókòó.

"Ó ṣì wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀. Kò ṣeé pa rẹ́."

Ó ní, "Ẹ wá kọ òmíràn síbi tí àwọn ènìyàn á ti rí i. Ẹ kọ orúkọ wọn sí i. Kí ẹ sì kọ ọ́ pé a tọ́jú wọn."

Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí nípa iṣẹ́, òun nìyí. Sìkírátù. Wàsíù. Mòríámọ̀. Kẹ́hìndé. Abà Lámídì ni wọ́n ń gbé. Ìbéèrè tí a bi àwọn òbí wọn ni wọ́n dáhùn, òótọ́ ni wọ́n sì sọ. Èmi ni mo yọ wọ́n kúrò, lẹ́yìn tí ìyàwó mi ti sọ fún mi, èmi náà ni mo sì kọ irọ́ mọ́ wọn lẹ́yìn. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, aṣọ dúdú wà lójú ọ̀nà, omi ẹ̀kọ wà nínú ṣíbí, kò sì sí ìyá kan tó ti sùn. Wọ́n tọ́jú wọn.